Sáfà ń gba ìkíni àwọn fóònù kan, kì í dá wọn lóhùn: ẹ bá mi wá àléébù kẹ́nẹ́ẹ̀lì yìí

Ará Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń tọ́jú sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìbéèrè àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó sì ń dá wọn lóhùn, fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìbàdàn yìí, n kò ní dárúkọ wọn. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn, ní Àpáta, ní Mọníyà àti ní Òjé. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ a máa fi fóònù fi nọ́ńbà ìgò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí sáfà tó wà ní Bódìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gba èsì. Linux ló wà lórí sáfà náà, kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀ (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ) jẹ́ 3.10 tó bá CentOS 7 wá.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní Àpáta, kí wọ́n jọ máa lo Wi-Fi kan náà, kí ti ọ̀kan wọlé lójú ẹsẹ̀, kí ti èkejì máa yí títí yóò fi sọ pé òun kò rí sáfà. Bí ẹni tí tirẹ̀ kò wọlé bá pa Wi-Fi, tó lo dátà ara rẹ̀, yóò wọlé. Bí ó bá padà sórí Wi-Fi lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lè wọlé, ó sì lè má wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo nǹkan a máa lọ geere. Kọ̀ǹpútà Windows tó wà lórí tábìlì ibùdó náà kò tíì ní ìṣòro rí. Ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pààrọ̀ ráútà, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Lánàá, èsì àyẹ̀wò ọmọ kékeré kan fi wákàtí méjì pẹ́ nítorí pé nọ́ńbà ìgò rẹ̀ kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá ọmọ náà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá náà ní gbogbo àsìkò yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ̀wé síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú làálàá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ MTU ló jọ lójú mi, ìyẹn ìwọ̀n tí pákẹ́ẹ̀tì kan, ìdì dátà tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ibùdó yẹn bá ń gba PPPoE kọjá, ọ̀nà kan tí àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fi ń so oníbàárà pọ̀, báìtì 8 ni PPPoE ń mú nínú 1500, 1492 ni yóò sì kù fún yín. Bí ráútà kan lójú ọ̀nà bá wá ń dí ìròyìn ICMP tó yẹ kó sọ fún sáfà pé pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tóbi jù, àwọn pákẹ́ẹ̀tì ńlá yóò máa sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ dín MTU sáfà kù sí 1400, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ìyá Agodi

Ẹ kú iṣẹ́, Ará Bódìjà. Àbúrò mi ti Mọ́kọ́lá, òtítọ́ ni ohun tí o sọ nípa MTU, ṣùgbọ́n kò bá àpèjúwe yìí mu. Bí ó bá jẹ́ MTU ni, ìsopọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí, nítorí pé pákẹ́ẹ̀tì ìkíni tí à ń pè ní SYN kéré, kò tó 100 báìtì, kò sì sí ọ̀nà tó há jù fún un. Ìgbà tí dátà gidi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ni yóò tó dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni MTU kò ní mú fóònù kan, kó fi èkejì sílẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ohun tó mú mi lọ́kàn nínú ìròyìn yìí ni ti Windows. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows kì í fi òǹtẹ̀ àkókò sára pákẹ́ẹ̀tì TCP (ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù Android àti iPhone a máa fi sí i. Ẹ tún sọ pé ara ẹni tó bá fi Wi-Fi sílẹ̀ ló ń yá, àti pé ọjọ́ tí èèyàn kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ kì í sí wàhálà. Mo ní ohun kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ dájọ́ kí n tó rí ẹ̀rí. Ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún mi, orí sáfà gan-an ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ní Àpáta.

Ẹ fi tcpdump gbọ́ ohun tó ń wọlé láti àdírẹ́sì ibùdó Àpáta lójú ibodè 443, ẹnu ọ̀nà tí àwọn fóònù ń gbà wọ sáfà, ní àkókò tí fóònù kan kò bá lè wọlé. Ẹ pe `netstat -s | grep -i stamp`, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀, kí ẹ tún pè é lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ iye tí `sysctl net.ipv4.tcp_tw_recycle` bá dá padà fún wa.

Ará Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti ṣe é ní àárọ̀ yìí, mo wà lórí fóònù pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì Àpáta bí mo ti ń wò ó.

Ìkíni fóònù tí kò wọlé dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fi ojú ara mi rí i: SYN àkọ́kọ́ wọlé ní 10:14:07, òun náà tún wọlé ní 10:14:08, ó tún wá ní 10:14:10, ó tún wá ní 10:14:14. Ìgbà mẹ́rin ló kí wa, sáfà kò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò kọ̀ ọ́, kò sì gbà á, bí ìgbà tí èèyàn ń kanlẹ̀kùn ilé tí onílé wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ àkókò tó wà lára ìkíni náà, èyí tí tcpdump kọ ní `TS val`, jẹ́ 630552. Láàárín àkókò yẹn kan náà, fóònù kejì kí wa láti àdírẹ́sì kan náà, òǹtẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ 91244011, sáfà sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Nípa netstat, ìlà kan wà tó sọ pé “passive connections rejected because of time stamp”, ìyẹn ìsopọ̀ tó ń wọlé tí sáfà kọ̀ nítorí òǹtẹ̀ àkókò. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ 4812 nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di 4861.

Iye tcp_tw_recycle jẹ́ 1. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo rí i pé ìsopọ̀ tó wà ní TIME_WAIT (èyí tó ti parí, tí sáfà ṣì ń rántí fún ìgbà díẹ̀) pọ̀ lórí sáfà náà, mo ka ìmọ̀ràn kan tó ní kí a fi ìlà mẹ́fà kan sínú `/etc/sysctl.conf` kí sáfà lè yára, mo sì dà á kọ bó ti wà láìbéèrè ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo rántí ìyá àná yẹn.

Ìyá Agodi

Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù, ọ̀pọ̀ wa la ti da ìlà yẹn kọ. Ẹ kọ́kọ́ pe `sysctl -w net.ipv4.tcp_tw_recycle=0` nísinsìnyí, kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ, nítorí pé àwọn aláìsàn ń dúró. Kò gba kí ẹ pa sáfà kí ẹ tún un tàn. Ẹ yọ ìlà náà kúrò nínú `/etc/sysctl.conf` pẹ̀lú, kí ẹ sì wo inú `/etc/sysctl.d/` bóyá ẹlòmíràn ti fi irú rẹ̀ síbẹ̀, kó má baà padà lọ́jọ́ tí iná bá lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Òǹtẹ̀ àkókò TCP kì í ṣe aago ọjọ́. Òǹkà lásán ni, lórí ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ ó sì máa ń gòkè láti ìgbà tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà. Òun ni ẹ̀rọ méjì fi ń mọ iye àkókò tí pákẹ́ẹ̀tì fi ń lọ tó fi ń bọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń dá pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó ṣìnà mọ̀, kó má baà já wọ inú ìsopọ̀ tuntun. Bí tcp_tw_recycle bá wà ní 1, kẹ́nẹ́ẹ̀lì a máa rántí òǹtẹ̀ tó rí kẹ́yìn láti àdírẹ́sì IP kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìsopọ̀ bá parí. Bí ìkíni tuntun bá ti àdírẹ́sì yẹn wá kí ìṣẹ́jú-àáyá 60 tó pé, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ sì kéré sí èyí tó wà nínú ìwé, kẹ́nẹ́ẹ̀lì yóò kà á sí pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́, yóò sì dà á nù láìsọ̀rọ̀.

Ẹ fi ojú inú wo agbo ilé kan tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ogún èèyàn ń gbé inú rẹ̀, baba ńlá wà níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹnì kan wá jókòó síta, ó ń kọ ọjọ́ orí ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà náà jáde, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀. Baba ẹni àádọ́rin ọdún jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tẹ̀lé e jáde, ó ní ọjọ́ orí èèyàn kì í lọ sẹ́yìn, nítorí náà ẹni yìí kì í ṣe ẹni gidi. Ráútà Àpáta ni ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ń fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo gbogbo fóònù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan òǹtẹ̀ àkókò wọn.

Ẹ wo nọ́ńbà méjì tí ẹ mú wá. Bí òǹkà àwọn fóònù yẹn bá ń gòkè ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bó ti rí lórí ọ̀pọ̀ Android àtijọ́, 91244011 jẹ́ fóònù tí wọ́n ti tàn láti bí ọjọ́ mẹ́wàá àbọ̀, 630552 sì jẹ́ èyí tí wọ́n tàn ní nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì ṣáájú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà.

Ará Bódìjà

Mo béèrè. Ó ní kò sí iná ní àdúgbò àwọn láti àná, fóònù òun kú lóru, nígbà tí òun dé ibi iṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ ni òun tó fi sínú iná tí òun tàn án. Ó ní òun ti kíyè sí i pé ọjọ́ tí iná kò bá sí nílé ni sáfà kì í gba òun, òun kàn rò pé kò sí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè tan mọ́ra, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ti sọ iye náà di 0. Nọ́ńbà netstat dúró sí 4879, kò kúrò níbẹ̀ mọ́ láti wákàtí kan sẹ́yìn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́, mà, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún mi. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé kì í ṣe òǹtẹ̀ àkókò fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a pa? Mo rí ibi tí wọ́n ti fi `tcp_timestamps` sí 0, tí wọ́n ní ìṣòro kan náà tán.

Ìyá Agodi

Yóò tán lóòótọ́, nítorí pé kò ní sí ohun tí kẹ́nẹ́ẹ̀lì yóò fi wé ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n bíbẹ́ orí kì í ṣe oògùn orí fífọ́. Lórí ìlà tó yára, nọ́ńbà ìtòlẹ́sẹẹsẹ TCP, tó jẹ́ bíìtì 32, lè yí po kí pákẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó kú lójú ọ̀nà, òǹtẹ̀ àkókò ló sì ń dáàbò bo dátà nígbà náà. Ìwọ̀n ìrìn àjò lọ-àti-bọ̀ pàápàá yóò rẹlẹ̀ ní pípé. Má ṣe pa á.

Bàbá Chállẹ́ńjì

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo ilé. Mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ kún un, nítorí pé ẹni tó bá mọ ibi tí àléébù yìí ti wá yóò mọ ìdí tí kò fi ṣeé túnṣe, àfi kí a yọ ọ́ kúrò.

Kì í ṣe àwọn tó kọ Linux ló ti orí ara wọn ro ọgbọ́n yìí. Ó wà nínú àfikún RFC 1323, ìwé tó ṣàlàyé òǹtẹ̀ àkókò TCP ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992: wọ́n ní ẹ̀rọ lè máa rántí òǹtẹ̀ ìkẹyìn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá bá a sọ̀rọ̀. Ní ọdún náà, àdírẹ́sì kan jẹ́ ẹ̀rọ kan, ọ̀rọ̀ náà sì tọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 1994 ni RFC 1631 jáde, tó ṣàlàyé NAT, bí ilé iṣẹ́ kan ṣe lè fi àdírẹ́sì díẹ̀ bo àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, àdírẹ́sì kan ṣoṣo di agbo ilé, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Agodi ti wí. Ìwé ìtọ́ni Linux fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má ṣe tan tcp_tw_recycle níbi tí NAT bá wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dà ìlà mẹ́fà kọ kì í ka ìwé ìtọ́ni.

Ìdí tí wọn kò fi lè tún un ṣe ni pé kò sí ohun mìíràn nínú pákẹ́ẹ̀tì tó lè sọ fún sáfà pé fóònù kan yàtọ̀ sí èkejì lẹ́yìn ráútà kan náà. Nọ́ńbà ibodè ń yí padà ní gbogbo ìgbà, orúkọ kò sí níbẹ̀. Ohun tó wá pa á pátápátá ni àtúnṣe mìíràn tí wọ́n ṣe fún ààbò. Ní Linux 4.10, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2017, wọ́n jẹ́ kí òǹtẹ̀ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, kí ará ìta má baà fi mọ iye ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti wà ní títàn. Láti ìgbà náà, fóònù kan ṣoṣo pàápàá, tí kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn ráútà, lè fi ìsopọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ba ti ìkejì jẹ́ lọ́dọ̀ sáfà tó bá tan tcp_tw_recycle. Nígbà tí Linux 4.12 jáde ní oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Òjé

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń kọ́ bí a ṣe ń ka kóòdù kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Bí Ará Bódìjà kò bá lè pààrọ̀ 3.10 kíákíá, ṣé a kò lè kọ àbùlẹ̀ tiwa, tí yóò mú àyẹ̀wò yẹn kúrò?

Bàbá Chállẹ́ńjì

A lè kọ ọ́, ọmọ mi, kò sì ní pọ̀. Ibi tí wàá wò ni fáìlì `net/ipv4/tcp_metrics.c`, iṣẹ́ tó ń jẹ́ `tcp_peer_is_proven`: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òǹtẹ̀ tuntun wé ti inú ìwé. Ẹni tó pè é wà nínú `tcp_ipv4.c`, níbi tí wọ́n ti ń gba ìkíni. Kà á dáadáa, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé wàá rí i pé kóòdù náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an, kò sí ìlà kan tó ṣì níbẹ̀. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣì.

Ṣùgbọ́n má ṣe gbé irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí sáfà tí aláìsàn gbẹ́kẹ̀ lé. Òǹfà kan, ohun tí a fi ń tan nǹkan tàbí pa á, ti wà tó ń pa àyẹ̀wò náà, Ará Bódìjà sì ti pa á. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì tí a bá fi ọwọ́ ara wa lẹ̀, àwa ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ títí. Bí o bá rí àléébù tó ṣì wà nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì òde òní, fi àbùlẹ̀ rẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ka ìsopọ̀ nínú lẹ́tà, kí o sọ ohun tó bàjẹ́, bí èèyàn ṣe lè rí i lójú ara rẹ̀, àti àtúnṣe tó mú un wọlé, kí o sì fi ìlà `Signed-off-by` rẹ, tó jẹ́ ìbuwọ́lùwé rẹ, sí i. Ibẹ̀ ni àbùlẹ̀ ti ń wúlò fún gbogbo ayé.

Ará Bódìjà

Ìbéèrè mi tó kù ni ti TIME_WAIT tó lé mi débi ìlà mẹ́fà yẹn. Nísinsìnyí tí mo ti pa tcp_tw_recycle, wọ́n ti tún pọ̀ padà, wọ́n ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ṣé kò ní gba gbogbo ibodè sáfà tán?

Ìyá Agodi

Kò ní gbà wọ́n tán. Ibodè 443 kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Àdírẹ́sì àti ibodè ti fóònù ló ń ya ìkan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìsopọ̀ tó wà ní TIME_WAIT kò gba àyè púpọ̀ nínú mẹ́mórì, ìṣẹ́jú-àáyá 60 ni Linux fi ń tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò lọ. Ẹgbẹ̀rún méjì kò tó nǹkan fún ẹ̀rọ yín. Ẹ máa rí i tí wọ́n ń dárúkọ `tcp_tw_reuse` pẹ̀lú. Ìsopọ̀ tí sáfà fúnra rẹ̀ bá ń ṣí lọ síta ni ìyẹn wà fún, kò kan èyí tó ń wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ múra sí ni CentOS 7 fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ìtọ́jú rẹ̀ ti parí. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò yẹ kó wà lórí ohun tí kò gba àbùlẹ̀ ààbò mọ́.

Ará Bódìjà

Mo ti bá àwọn tó ni ilé àyẹ̀wò náà sọ ọ́, wọ́n sì gbà. A kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà tuntun ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 5.14. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ó kọ ọ́ sójú mi pé `cannot stat /proc/sys/net/ipv4/tcp_tw_recycle: No such file or directory`. Ìlà àtijọ́ náà ṣì fara pamọ́ sínú fáìlì kan ní `/etc/sysctl.d/` tí mo kó wá láti orí sáfà ti tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Agodi ti kìlọ̀. Ṣé àṣìṣe ni kí n kà á sí?

Bàbá Chállẹ́ńjì

Kì í ṣe àṣìṣe. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ń sọ fún yín pé òun kò ní òǹfà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ pa ìlà náà rẹ́ kúrò nínú fáìlì, kí ẹ sì ka márùn-ún tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n dúró.

Ará Bódìjà

Mo ti pa á rẹ́. Nínú márùn-ún tó kù, mẹ́ta ni mo yọ, nítorí pé n kò rí ìdí kankan tí sáfà wa fi nílò wọn. Ní àárọ̀ òní, iná kò sí ní Àpáta, fóònù mẹ́ta ni wọ́n sì tàn ní ibi iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn. Mo jókòó ti tcpdump láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́sàn-án àbọ̀. Gbogbo SYN tó wọlé ló gba èsì.